Ọmọ aláìní tó ń wo ọ̀nà yunifásítì: ṣé ilé lẹ́sìn ìdánwò nìkan tó?

ÌBÉÈRÈ (láti ọ̀dọ̀ ìyá kan ní Ìsìnkàn, Àkúrẹ́)

Ẹ kú iṣẹ́ níbí o. Aránṣọ ni mí, ọkọ mi ń wa kẹ̀kẹ́ márúwá láti Ọjà Ọba lọ sí Alágbàká. Ọmọ wa obìnrin wà ní SS2 ní iléèwé ìjọba. Orí rẹ̀ pé, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló sì wù ú. Àwọn kan ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ètò kan sílẹ̀ ládùúgbò wa fún ọmọ àwọn tí kò lówó, wọn ò gba kọ́bọ̀. Wọ́n ń kọ́ wọn níwèé lẹ́yìn iléèwé àti ní Sátidé, wọ́n ń fún wọn lóúnjẹ, wọ́n ń yẹ ojú wọn wò, wọ́n ń bá wọn sọ̀rọ̀ nípa ìwà àti ìlera, wọ́n tún ní àwọn máa kó wọn lọ wo FUTA, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ tó wà ní Àkúrẹ́ níbí. Ọkọ mi ní ìfàkókòṣòfò ni. Ó ní ọmọ tó bá fẹ́ yege JAMB, ilé lẹ́sìn, níbi tí wọ́n ti ń múra ìdánwò sílẹ̀, ni kó lọ, pé oúnjẹ àti ìmọ̀ràn wà nílé. Èmi náà sì nílò rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù nírọ̀lẹ́, òun ló ń bá mi ran bọ́tìnnì, tó ń bá mi lọ aṣọ. Kí ni kí n ṣe? Ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

* * *

Màmá, ẹ jẹ́ kó lọ.

Ọ̀rọ̀ Bàbá lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ níbì kan, màá dé ibẹ̀. Àmọ́ ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ohun tí ojú mi ti rí. Tíṣà Mátíìsì ni mí ní iléèwé girama ìjọba kan ní Àkúrẹ́ yìí, mo sì wà lára àwọn tó ń kọ́ àwọn ọmọ SS lọ́fẹ̀ẹ́ ní Sátidé. Ọmọ aláìní tó mọ̀wé, ìwé kọ́ ló sábà máa ń dá a dúró. Àwọn nǹkan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé ni: ebi, ojú tí kò ríran dáadáa, orúkọ tí wọ́n kọ lọ́nà mẹ́ta lórí ìwé mẹ́ta, àìsí ẹni tó mọ ọ̀nà tó lè sọ fún un pé ibí ni kó gbà.

Ilé lẹ́sìn á kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń dáhùn ìbéèrè 180 ní wákàtí 2, Gẹ̀ẹ́sì 60, iṣẹ́ mẹ́ta yòókù 40-40. Ìyẹn dáa, ó sì pọn dandan. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọmọbìnrin kan tí mo kọ́. Nọ́ọ̀sì lòun náà fẹ́ ṣe. Ó dá lọ forúkọ sílẹ̀ fún JAMB. Ọmọkùnrin tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà bi í pé iṣẹ́ wo ló ń ṣe níléèwé, ó dárúkọ wọn, ìyẹn sì bá a tẹ Gẹ̀ẹ́sì, Bàọ́lọ́jì, Kẹ́mísírì àti Ágíríìkì. Físíìsì ni wọ́n ń béèrè fún nọ́ọ̀sì, kì í ṣe Ágíríìkì. Ó gba máàkì tó dùn ún wò. Kò sí nọ́ọ̀sì fún un lọ́dún náà, bẹ́ẹ̀ èsì JAMB kì í kọjá ìgbàwọlé ọdún kan. Ọdún kan gbáko ló fi bá ìyá rẹ̀ ta búrẹ́dì ní Ọyẹ́mẹ́kùn, kó tó tún ìdánwò ṣe. Ká ní ẹnì kan bá a jókòó fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré, tó fi ọwọ́ tọ́ ohun tí wọ́n kọ sínú ìwé JAMB fún un, kò ní rí bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ NIN náà ńkọ́? Orúkọ àti ọjọ́ ìbí tó wà lórí NIN ọmọ ni JAMB máa ń gbé. Ẹ fi NIN ránṣẹ́ sí 55019 tàbí 66019, ohun tó bá wà níbẹ̀ náà ló máa jáde. Bí wọ́n bá ti ṣi orúkọ rẹ̀ kọ níbẹ̀, tí ti WAEC sì jẹ́ òmíràn, ẹ ó máa sáré kiri nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń wọ kíláàsì. SS2 ló yẹ kéèyàn ti tún un ṣe. Mo fẹ́ kí ẹ wo ti ọmọ yín lálẹ́ òní.

* * *

Mo ti ka èsì àwọn tó kọ̀wé sábẹ́ ìbéèrè Màmá, tí wọ́n sọ pé oúnjẹ kì í ṣe iṣẹ́ iléèwé. Wọ́n pọ̀. Ẹnì kan tilẹ̀ sọ pé ebi pa òun náà, òun sì kàwé jáde, pé ìyà ló ń kọ́ ọmọ lọ́gbọ́n.

Mi ò gbà. Mi ò sọ pé irọ́ lẹ pa. Ẹ la ìyà náà já, mo bá yín yọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo àwọn tí ẹ jọ wà ní kíláàsì nígbà náà, kí ẹ sọ fún mi iye wọn tí kò là á já. Àwọn yẹn ò sí níbí láti bá wa fèsì.

Ètò oúnjẹ tí ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 2016, ọmọ pírámárì 1 dé 3 ló wà fún. Nígbà tí ọmọ bá dé SS, tó ń dàgbà, tí ara rẹ̀ nílò oúnjẹ jù lọ, kò sí nǹkan. Ní Sátidé tiwa, a kọ́kọ́ ń kọ́ wọn láìsí oúnjẹ. Tó bá ti di aago méjìlá, orí á máa wó lulẹ̀ lórí tábìlì. Nígbà tí obìnrin kan tó ń tajà ní Arákalẹ̀ gbà láti máa se ẹ̀wà fún wọn, tí a sì ń fi gààrì lé e, ẹ̀kọ́ ọ̀sán bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Ẹ̀wà ni o, kì í ṣe ẹran tòlótòló. Àwọn kan nínú wọn máa ń di tiwọn sínú ọ̀rá fún àbúrò, a sì fi wọ́n sílẹ̀.

Ojú ńkọ́? Ọmọkùnrin kan wà tó jẹ́ pé ìwé ẹni tó jókòó tì í ló máa ń wò kọ. Tíṣà tó ń kọ́ wọn ní Kẹ́mísírì máa ń lé e síta, ó ní ó ń ṣeré. Nígbà tí nọ́ọ̀sì kan bá wa gbé páálí lẹ́tà kọ́ sára ògiri, ọmọ yìí ò lè ka ìlà kẹta. Ó ní òun rò pé bí gbogbo ènìyàn ṣe ń rí bọ́ọ̀dù nìyẹn. Báyìí, kí ni ilé lẹ́sìn fẹ́ ṣe fún un? Wọ́n lè fi gbogbo ìbéèrè JAMB láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ kọ́ ọ, awò ojú ló nílò.

* * *

Èsì kúkúrú fún ẹni tó ní ìjọba ló yẹ kó ṣe gbogbo èyí: bẹ́ẹ̀ ni, mo gbà. Ìpínlẹ̀ Òǹdó ló yẹ kó mọ̀ ọ́n jù. Adékúnlé Ajásin, ọmọ Ọ̀wọ̀, tíṣà ni kó tó di gómìnà. Ọwọ́ rẹ̀ ló wà nínú ìwé ètò ẹ̀kọ́ tí ẹgbẹ́ Action Group fi bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ pírámárì ọ̀fẹ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn ní oṣù kìíní ọdún 1955. Nígbà tó di gómìnà ní 1979, ó ṣe ẹ̀kọ́ girama náà lọ́fẹ̀ẹ́. Nígbà ìjọba Gómìnà Mímíkò, bọ́ọ̀sì ọ̀fẹ́ ń gbé ọmọ iléèwé káàkiri ìgboro Àkúrẹ́ níbí, nítorí wọ́n mọ̀ pé ọmọ tí kò rí owó ọkọ̀ kò ní dé kíláàsì, bó ti wù kí kíláàsì náà jẹ́ ọ̀fẹ́ tó. Ìtọ́jú ọmọ lódindi nìyẹn. Ẹ jẹ́ ká máa béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ìjọba lójoojúmọ́. Àmọ́ ọmọ Màmá yìí wà ní SS2 lónìí. Kò lè dúró de ìbò tó ń bọ̀.

* * *

Wàyí o, ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù. Àwọn kan ti ń bú Màmá pé wọ́n ń fi ọmọ ṣe ọmọ ọ̀dọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jáwọ́. Ọmọ tó ń bá ìyá rẹ̀ ran bọ́tìnnì kò tí ì di ẹrú. Nínú ilé púpọ̀ ní Àkúrẹ́, bí ọmọ kò bá ṣiṣẹ́, wọn ò ní dáná. Ẹni tó bá fẹ́ ran ọmọ aláìní lọ́wọ́, tí kò sì fẹ́ mọ̀ pé ilé wọn nílò iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, ọmọ náà á bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ láàárín oṣù kan.

Àpẹẹrẹ kan wà tí mo fẹ́ràn. Ní Chicago, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, àwọn àlùfáà Jésúìtì ṣí iléèwé girama kan ní 1996, Cristo Rey lorúkọ rẹ̀, fún ọmọ àwọn tí kò lówó ní àdúgbò tí àwọn tó ṣí wá láti Mẹ́síkò pọ̀ sí. Wọ́n fẹ́ kí gbogbo wọn dé yunifásítì, àwọn òbí kò sì lè san owó iléèwé. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé ọmọ kọ̀ọ̀kan ń lọ ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì kan fún bí ọjọ́ márùn-ún lóṣù, ilé iṣẹ́ náà á sì san owó fún iléèwé. Wọ́n tò ó mọ́ táìmù-tébù iléèwé, kíláàsì ò gbọdọ̀ bá a forí gbárí. Títí dòní ni wọ́n ń ṣe é, ó sì ti tàn dé ọ̀pọ̀ ìlú mìíràn níbẹ̀.

A ò lè ṣe é bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ níbí. Ìlú òṣìṣẹ́ ìjọba ni Àkúrẹ́, ilé iṣẹ́ tó lè san irú owó yẹn kò pọ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí mo mú níbẹ̀ ni pé iṣẹ́ kì í ṣe ọ̀tá ìwé tí ẹnì kan bá ti bá ọmọ fi iṣẹ́ sí àyè tirẹ̀. Ọ̀tá ìwé ni iṣẹ́ tí kò ní ààlà, tó jẹ́ pé oníbàárà kan á dé ní aago mẹ́jọ alẹ́ pé òun ń lọ òde lọ́la, ọmọ á sì bá yín jí títí di ọ̀gànjọ́.

Nítorí náà, Màmá, ẹ lọ bá àwọn olùdarí ètò yẹn. Ẹ sọ fún wọn gbangba pé ẹ nílò rẹ̀ lọ́jọ́ méjì nírọ̀lẹ́, kí ẹ sì jọ mú ọjọ́ náà. Ẹ sọ fún wọn pé bí Iléyá tàbí Kérésì bá ń bọ̀, iṣẹ́ máa ń pọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. Bí wọ́n bá gbọ́n, wọ́n á gbà. Ní tẹ́ẹ̀mù tó fẹ́ ṣe WAEC, kí ẹ yọ ọwọ́ rẹ̀ pátápátá. Mo mọ̀ pé ó máa ni yín lára. Bí ẹ bá lè gba ọmọ-iṣẹ́ kan kí ìgbà yẹn tó tó, ẹ gbà á.

* * *

Ẹnì kan ní gbogbo ohun tí mò ń sọ yìí, ọmọ á bàjẹ́ sí i. Ó ní pàṣán ni wọ́n fi tọ́ àwa, pé iléèwé tó le ló ń mú ọmọ tálákà dé ibi gíga.

Mo bọ̀wọ̀ fún ìlànà. Ní Sátidé wa, ẹni tó bá pẹ́ á dúró síta títí a ó fi parí àdúrà, fóònù kò sì gbọdọ̀ wọ kíláàsì. Ṣùgbọ́n líle nìkan ń mú ọmọ dé ẹnu ọ̀nà ni, kì í mú un rìn nínú ilé. Ní Houston, ní Amẹ́ríkà náà, tíṣà ọ̀dọ́ méjì bẹ̀rẹ̀ àwọn iléèwé tí wọ́n ń pè ní KIPP ní 1994, fún ọmọ aláìní bákan náà. Òfin wọn le gan-an: wákàtí gígùn, ìlà gígún régé, máàkì fún ìwà. Wọ́n ṣe gudugudu méje. Síbẹ̀, ní 2020, àwọn fúnra wọn pa àkọlé tí wọ́n ti ń lò látìgbà náà tì, èyí tó ń sọ fún ọmọ pé kó ṣáà ṣiṣẹ́ kára kó sì níwà pẹ̀lẹ́. Wọ́n ní ó ń kọ́ ọmọ láti kàn máa tẹrí ba. Lójú tèmi, ọmọ tí wọ́n ń darí ní gbogbo ìgbésẹ̀, nígbà tí kò bá sí ẹni tó ń darí rẹ̀ mọ́, kò mọ bó ṣe máa darí ara rẹ̀.

Ọmọbìnrin kan wà lọ́dọ̀ wa tó dédé dákẹ́. Kì í dáhùn ìbéèrè mọ́, iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ̀ dúró. Ẹni tó lọ́wọ́ pàṣán ì bá ti nà án. Obìnrin kan lára wa mú un lọ sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ lẹ́yìn kíláàsì, ó jókòó tì í, kò bi í ní nǹkan kan fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà ni ọmọ náà sọ pé bàbá òun ti kó lọ sí oko Ìdànrè láti ìgbà tí wọ́n ti jà nílé, pé òun ò mọ̀ bóyá ó máa padà. Ọ̀rọ̀ náà kò yanjú lọ́jọ́ yẹn. Ṣùgbọ́n ó padà sí ẹnu iṣẹ́, nítorí ẹnì kan mọ̀.

* * *

Bàbá kan béèrè pé, ṣé gbogbo ọmọ ló gbọdọ̀ lọ yunifásítì? Ó ní àwọn tó gba dìgírì ń gun ọ̀kadà ní Róòdù Blọ́ọ̀kù, nígbà tí mẹ́káníìkì ń kọ́lé.

Ìbéèrè gidi ni, kò sì yẹ ká fi ọwọ́ rọ́ ọ. Kì í ṣe gbogbo ọmọ. Lára àwọn ọmọ wa, ọ̀kan lọ Rùfọ́ọ̀sì Gíwá Pólì ní Ọ̀wọ̀, ìmọ̀ ẹ̀rọ iná ló ń kọ́, inú mi dùn sí i ju bí ì bá ṣe lọ yunifásítì láti lọ ka ohun tí kò fẹ́. Òmíràn wọṣẹ́ sólà, a ò bá a jà.

Ohun tí mo kọ̀ ni pé ọmọ ọlọ́rọ̀ ni kó yan, ọmọ aláìní ni ká yàn fún. Ọmọ ọlọ́rọ̀ tó wà ní Alágbàká, tó gba máàkì kan náà pẹ̀lú ọmọ Màmá yìí, kò sí ẹni tó máa sọ fún bàbá rẹ̀ pé kó fi í sẹ́nu iṣẹ́ mẹ́káníìkì. Kí ọmọ náà kọ́kọ́ tóótun fún méjèèjì. Kírẹ́díìtì márùn-ún, tí Gẹ̀ẹ́sì àti Mátíìsì wà níbẹ̀, kò dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ láti ran aṣọ. Àìní in ló ń ti ilẹ̀kùn.

Nípa ti FUTA tí wọ́n fẹ́ lọ wò, tí Bàbá ní ìgbafẹ́ ni. Láti 1981 ni yunifásítì yẹn ti wà nínú ìlú yìí. Ẹ bi àwọn ọmọ Ìsìnkàn àti Òkè-Àró bóyá wọ́n ti wọ géètì rẹ̀ rí. Nígbà tí a kó àwọn tiwa lọ, ọmọkùnrin kan dúró lẹ́nu ọ̀nà láíbìrì, ó ń bi mí wúyẹ́wúyẹ́ bóyá wọ́n máa ń gba irú àwa yìí láyè. Inú Àkúrẹ́ ni wọ́n bí i sí. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọra. Ọmọ tó bá rò pé ibì kan kì í ṣe tòun kò ní kàwé nítorí ibẹ̀.

* * *

Ẹni tó kọ ọ́ pé ká má fi ara wa ṣe wàhálà, pé òun mọ ibùdó tí wọ́n ti ń fi owó gba A fún ọmọ: mi ò ní bá yín fọ̀rọ̀ wérọ̀ lórí èyí. Ẹ ń ba ọjọ́ ọ̀la ọmọ aláìní jẹ́, ẹ sì tún ń gba owó púpọ̀ lórí rẹ̀. Ọmọ tó fi èsì yẹn wọlé kò lè dá ìṣirò ọdún kìíní ṣe, ilé ló máa padà sí, owó tí ìyá rẹ̀ yá á sì ṣì wà lọ́rùn. Mo ti rí wọn. Mo bẹ ẹ̀yin òbí, ẹ má sún mọ́ ibẹ̀.

* * *

Ẹ jẹ́ ká padà sí ìbéèrè Màmá, nítorí apá kan wà tí ẹnikẹ́ni kò tíì fọwọ́ kàn, òun ló sì jẹ mí lógún jù: lẹ́yìn tí ọmọ bá ti wọlé ńkọ́?

Àwọn KIPP tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n ṣe ohun kan tí mo kan sáárá sí wọn fún. Ní 2011, wọ́n padà lọ ka àwọn ọmọ tó ti kúrò lọ́dọ̀ wọn tipẹ́, àwọn tó parí kíláàsì kẹjọ ní ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdá 33 nínú 100 ló gba dìgírì ọlọ́dún mẹ́rin. Ìyẹn ga ju ti ọmọ aláìní yòókù lọ́hùn-ún lọ fíìfíì. Ṣùgbọ́n kò tíì dé ibi tí àwọn fúnra wọn ń lé. Wọ́n tẹ èsì náà jáde fún gbogbo ayé, wọ́n sì mú ètò títẹ̀lé ọmọ dé inú yunifásítì ní ọ̀kúnkúndùn. Ìgbàwọlé kì í ṣe òpin ìrìn.

Níbí náà, ẹ wo ibi tí ọmọ ti ń já bọ́. JAMB á gbà á wọlé, kò ní mọ̀ pé ó gbọdọ̀ wọ CAPS, ojú òpó ìgbàwọlé JAMB, kó lọ tẹ̀ ẹ́ pé òun gbà. Tàbí kò gbé èsì WAEC rẹ̀ sórí rẹ̀, bí ẹni pé kò ní èsì ló máa hàn sí iléèwé. Lẹ́yìn náà ni owó ìfọwọ́sí ìgbàwọlé, tí wọ́n máa ń fi ọjọ́ díẹ̀ sí. Ilé tí kò ní owó nílẹ̀ á máa wá a lọ́dọ̀ mọ̀lẹ́bí, ọjọ́ á kọjá.

Owó yíyá NELFUND, tí ìjọba àpapọ̀ ń yá akẹ́kọ̀ọ́, ti wà báyìí. Òfin rẹ̀ jáde ní oṣù kẹrin 2024, wọ́n ṣí ojú òpó rẹ̀ ní oṣù karùn-ún. Iléèwé gan-an ni wọ́n ń san owó ẹ̀kọ́ fún, ọmọ á sì lè gba 20,000 náírà lóṣù fún ìjẹun. Kò ní èlé. Lẹ́yìn ọdún méjì tó bá ti sìn ilẹ̀ bàbá rẹ̀ ló máa bẹ̀rẹ̀ sí í san án padà. Iléèwé ìjọba nìkan ló wà fún: FUTA, UNIMED (yunifásítì ìmọ̀ ìṣègùn) àti Yunifásítì Adéyẹmí ní Òǹdó, Yunifásítì Ajásin ní Àkùngbá, Rùfọ́ọ̀sì Gíwá. Àwọn òbí kan ń sá fún un nítorí wọ́n gbọ́ gbèsè. Mo lóye ẹ̀rù yẹn, gbèsè ti fi ojú ọ̀pọ̀ wa rí màbo. Àmọ́ ẹ fi wé gbèsè alájẹsẹ́kù tàbí ti àwọn tó ń yá ni lórí fóònù, tí wọ́n ń pe gbogbo ẹbí ẹni. Kò rí bákan náà rárá. Ohun tó ku ni pé ó ń béèrè NIN, BVN, nọ́ńbà JAMB, nọ́ńbà ìgbàwọlé tàbí ti mátíríìkì, tí gbogbo orúkọ sì gbọdọ̀ bára mu. Ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ orúkọ tún padà wá.

Ètò tó bá dáa, ẹnì kan gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ tí ọmọ lè pè ní ọdún kìíní, nígbà tó bá fìdí rẹmi nínú iṣẹ́ kan fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, tó ń rò pé kí òun kó ẹrù wálé. Ọmọ dókítà á pe bàbá rẹ̀. Ọmọ onímárúwá, bàbá rẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀ bákan náà, ṣùgbọ́n kò mọ̀ pé wọ́n lè tún iṣẹ́ kan ṣe láìjẹ́ pé wọ́n lé èèyàn.

* * *

Màmá ti padà wá. Wọ́n ní ọkọ àwọn ti ka èsì wa, ọkàn rẹ̀ ti ń rọ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní òun ò mọ àwọn tó dá ètò náà sílẹ̀, pé ọmọbìnrin ni ọmọ òun.

Ibi tí ọ̀rọ̀ Bàbá ti lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ nìyí, mo sì fara mọ́ wọn pátápátá. Ẹ bá Bàbá lọ síbẹ̀, ẹ̀yin méjèèjì, ní ọjọ́ tí kíláàsì ń lọ, ẹ má sọ fún wọn tẹ́lẹ̀. Ẹ wo ẹni tó ń kọ́ wọn ní Físíìsì, bóyá lóòótọ́ ló ń kọ́ wọn tàbí ó kàn ń ka ìwé sétí wọn. Ètò tó ń fúnni lóúnjẹ tí kò kọ́ni níwèé, ìyẹn kò gbé ọmọ dé UNIMED, kí ẹ sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn. Ẹ bèèrè aago tí wọ́n ń parí àti bí àwọn ọmọbìnrin ṣe ń délé. Bó bá ti ń kọjá aago mẹ́fà, kí wọ́n máa kó wọn ní ọ̀wọ́-ọ̀wọ́, kì í ṣe kí ọmọ máa dá gba ẹ̀gbẹ́ gáráàjì kọjá. Obìnrin àgbà gbọdọ̀ wà níbẹ̀ ní gbogbo ìgbà, ọkùnrin kankan kò sì gbọdọ̀ dá wà pẹ̀lú ọmọ nínú yàrá títì, ì báà jẹ́ pásítọ̀, ì báà jẹ́ ẹni tó ń san owó. Bí ìbéèrè yìí bá bí wọn nínú, ẹ mú ọmọ yín kúrò lójú ẹsẹ̀.

Tí Bàbá bá ṣì fẹ́ lẹ́sìn, kó lọ lẹ́sìn náà ní oṣù mẹ́ta tó ṣáájú JAMB, fún ìdánwò orí kọ̀ǹpútà. Méjèèjì kò takora.

* * *

Tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì ní ìlú Òǹdó kọ̀wé pé òun ní yàrá ńlá kan ní Yábà níbẹ̀, òun fẹ́ bẹ̀rẹ̀ irú nǹkan yìí, kí lòun máa kọ́kọ́ ṣe.

Sà, ẹ kú ìnáwó. Ẹ mú ọmọ díẹ̀, kí ẹ lè mọ orúkọ wọn àti ilé wọn. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti SS1, nítorí ọmọ tó bá dé ọ̀dọ̀ yín ní SS3 ti yan iṣẹ́ tó máa fi ṣe ìdánwò tán. Ẹ lọ sílé ọmọ kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó gbà á, kí ẹ jókòó pẹ̀lú òbí, kí ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n nílò ọmọ náà fún nílé. Ẹ bá obìnrin kan tó ń se oúnjẹ ṣe àdéhùn, kí ẹ sì san owó rẹ̀ déédéé, ẹ má sọ ọ́ di àánú. Ẹ fi fáìlì kan sílẹ̀ fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, tí ẹ̀dà NIN, ìwé ìbí àti èsì JSS rẹ̀ máa wà níbẹ̀, kí ẹ fi wọ́n wé ara wọn lọ́jọ́ tó bá wọlé.

Tíṣà Gẹ̀ẹ́sì àti ti Bàọ́lọ́jì ò ní wọ́n yín. Físíìsì ni yóò wọ́n yín, òun ló wọ́n wa títí di báyìí. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ní ohun tí àwa kò ní ní Àkúrẹ́: Adéyẹmí wà nítòsí yín, ibi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn tó máa di tíṣà. Ẹ lọ sí ẹ̀ka Físíìsì wọn ní ọ̀sẹ̀ yìí, kí wọ́n tó gba ìsinmi, ẹ ní ẹ ń wá ọmọ ọdún kẹta méjì tí wọ́n lè máa wá ní Sátidé, ẹ ó máa san owó ọkọ̀ wọn.